Ọ́ìlì Tí Kò Yẹ Kó Wà Níbẹ̀

Ó yẹ kí géèjì tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì náà jáde ní gbígbẹ. Ohun tí Cornelius sọ ní tẹ́ṣàn nìyẹn, òun nìkan ló sì rí fi gbèjà ara rẹ̀: ó ní òun ti fa ọ́ìlì inú máṣìn ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin náà kúrò láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, torí náà kò sí ẹni tó lè wà á lọ síbì kankan lọ́jọ́ Ìsinmi. Ṣùgbọ́n nígbà tí Insipẹ́kítọ̀ Kòfowórọlá yọ irin tẹ́ẹ́rẹ́ náà kúrò nínú ẹ́ńjìnì, ọ́ìlì ló ń kán lẹ́nu rẹ̀, ó dúdú bí omi aró.

"Áà, Cornelius," ó wí lábẹ́ ẹnu. "O ti pa mí."

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún dọ́kàn, nítorí ó ti ń gba ọmọkùnrin náà gbọ́. Obìnrin yìí kì í tètè gba ènìyàn gbọ́. Ọdún tó ti lò lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá ní ẹkùn Ìlaró ti kọ́ ọ pé ẹni tó bá ń sunkún jù ni kí a kọ́kọ́ wò lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n Cornelius kò sunkún. Ọ̀rọ̀ kan náà ló ń tẹnu mọ́ bí ẹni tó ń ka ìṣirò: kò sí ọ́ìlì nínú rẹ̀, kò lè rìn.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ kì í ṣe kékeré. Lánàá, nígbà tí gbogbo ìjọ wà nínú ìsìn ìkórè ní Ìmàsàyí, ẹnìkan gun máṣìn ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí wọ́n ń lò ní oko ìjọ, ó gba ọ̀nà inú igbó tó já sí ààlà orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ó sì gbá Toheebat, ọmọge kan tó ń ru ẹ̀gẹ́ bọ̀ láti oko. Kò gbé e. Kò ké sí ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí àwọn ará oko rí ọmọ náà nínú ẹ̀jẹ̀, wọ́n tọ ipa táyà láti ibẹ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà ṣẹ́ẹ̀dì oko ìjọ. Máṣìn mìíràn tó ní irú táyà bẹ́ẹ̀ kò sí ní gbogbo Ìmàsàyí, Cornelius ni wọ́n sì gbà láti máa wà á. Toheebat wà ní ọsibítù ní Ìlaró báyìí, kò tíì lajú. Bó bá lọ kú, ẹjọ́ náà di ti ìpànìyàn.

Lẹ́nu géètì oko, àwọn ọ̀dọ́ ti kóra jọ. Múfútàù, ẹ̀gbọ́n Toheebat, ló ṣáájú wọn. Òkúta tó sọ láàárọ̀ ti la Cornelius níwájú orí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ti ọmọkùnrin náà mọ́nú ọkọ̀ ọlọ́pàá, tí wọ́n gbé gíláàsì sókè, nínú oòrùn.

"Màdáámù, ẹ jẹ́ ká máa lọ," ni Sájẹ́ǹtì Bàrúwà wí. Ọkùnrin gbọ̀gbọ̀rọ̀ ni, ó ti ń wo géètì ju bó ṣe ń wo máṣìn lọ. "Ẹ ti rí ọ́ìlì. Irọ́ ló pa. Bí àwọn ọmọ yẹn bá wọlé bá wa níbí, mi ò mọ ẹni tí mo máa dá lóhùn."

"Ràn mí lọ́wọ́ kí á tì í síta ná."

"Kí la fẹ́ fi ṣe?"

"Ilẹ̀ ṣẹ́ẹ̀dì yìí dà gẹ̀rẹ́. Ibi tó bá dà gẹ̀rẹ́, géèjì máa ń parọ́ níbẹ̀ ju ènìyàn lọ."

Wọ́n tì í dé abẹ́ igi máńgòrò, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú. Kòfowórọlá fi àkísà nu géèjì náà, ó ki irin náà bọ ihò lásán láì yí i mọ́ ọn, ó sì tún fà á jáde. Bí bàbá rẹ̀ ṣe ń ṣe é nìyẹn nídìí ẹ̀rọ tó fi ń lọ gàrí ní Ìdògo: láàárọ̀, kí ẹ̀rọ tó gbóná, kí ẹnikẹ́ni tó kí i. Ìlà méjì ló wà lára irin náà. Ọ́ìlì yìí kàn yọjú díẹ̀ lókè ti ìsàlẹ̀ ni, bí ẹni pé ẹni tó dà á sí i ń ṣọ́ ọ lò, tàbí ó ń kánjú.

Ó fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀là pa á. Ó ṣàn jù. Ọ́ìlì tó ti pẹ́ máa ń dúdú lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í rí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ báyìí. Ó gbé ọwọ́ sí imú.

"Bàrúwà, gbóòórùn èyí."

Sájẹ́ǹtì tẹ orí ba. "Bẹntiróòlù ni. Ó ń jò wọnú ẹ́ńjìnì. Ó máa ń ṣẹlẹ̀, mà, ó ti ṣẹlẹ̀ sí máṣìn tèmi."

"Ó ti ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀rọ bàbá mi náà. Tún un gbóòórùn."

Bàrúwà tún un ṣe. Ojú rẹ̀ yí padà. "Kẹrosíìnì?"

"Sítóòfù kẹrosíìnì ni ìyá mi fi ń se oúnjẹ títí mo fi dàgbà. Mi ò lè ṣì í. Bẹntiróòlù ni máṣìn yìí ń mu. Ta ló wá fún un ní kẹrosíìnì?" Ó dá géèjì padà sáyè rẹ̀, ó nu ọwọ́. "Má sọ fún ẹnikẹ́ni pé a ti wo inú rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá bi ọ́, àyẹ̀wò táyà la wá ṣe."

*

Ooru inú ọkọ̀ ọlọ́pàá lè se ẹyin jinná. Cornelius jókòó pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ sára báńdéèjì orí rẹ̀. Ọmọ tó kẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀rọ oko jáde ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ni, ó sì ṣì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wà níwájú olùkọ́.

"Níbo lo da ọ́ìlì tí o fà sí?" ni Kòfowórọlá bi í.

"Mi ò dà á nù, mà. Ta ló ń da ọ́ìlì kọ́ńdẹ̀mù nù níbí? Inú kẹ́ẹ̀gì ni mo fà á sí, mo gbé e fún Màmá Bámikẹ́, ìyàwó àlùfáà wa. Wọ́n fẹ́ fi kun pákó òrùlé fẹ́sírì, yàrá ìmúra àwọn àlùfáà, kí ikán má baà jẹ ẹ́."

Kòfowórọlá mi orí pé ó yé òun. Gbogbo ilẹ̀ Yewa ló mọ̀ bẹ́ẹ̀: ọ́ìlì tí ẹ́ńjìnì bá ti lò gbó, ikán kì í fẹ́ gbọ́ òórùn rẹ̀, àwọn tó ń kọ́lé sì máa ń bẹ mẹkáníìkì fún un.

"Kí ló dé tí o fi fà á kí o tó ra òmíràn?"

"Fíltà ni, mà. Ó ti dí. Bí mo bá sì lọ sí Ìlaró láì mú ti tẹ́lẹ̀ dání ṣe sáńpù, ti ọ̀kadà ni wọ́n máa tà fún mi. Mo ní láti fa ọ́ìlì kí n tó tú fíltà, mo sì dé ìdérí ihò rẹ̀ padà. Mo lọ láàárọ̀ Sátidé, ilé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo sùn. Ìgbà tí mo bọ́ọ́lẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì lọ́sàn-án àná ni wọ́n dì mí mú."

"Ẹ̀gbọ́n kì í jẹ́rìí tako àbúrò," ni Bàrúwà dá sí i láti ẹ̀yìn.

"Báàgì rẹ̀ dà?"

Bàrúwà gbé e wá. Fíltà àtijọ́ ló wà nínú rẹ̀, wọ́n fi ọ̀rá wé e, tuntun kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìgò ọ́ìlì tuntun méjì náà wà níbẹ̀. Kòfowórọlá yí ìdérí wọn wò. Kò sí èyí tí wọ́n tíì ṣí.

Ó dá ìgò méjèèjì padà sínú báàgì.

"Ta ló rí ọ nígbà tí o ń fà á?" ló bèèrè.

"Ọ̀gá wa, mà. Ọ̀gá Olútáyọ̀ dúró tì mí títí ó fi kán tán."

*

Ọ̀gbẹ́ni Olútáyọ̀ ni alábòójútó oko ìjọ, ọwọ́ rẹ̀ sì ni kọ́kọ́rọ́ ilé ìkóǹkansí tí wọ́n ń kó ajílẹ̀ pamọ́ sí wà. Ọkùnrin tó mọ́ tónítóní ni, tí kì í gbé ohùn sókè, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń yọ̀ bí epo. Ó gbé àga fún Insipẹ́kítọ̀ kí ó tó jókòó.

"Màdáámù, mi ò ní purọ́ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ojú mi ló ṣe fa ọ́ìlì yẹn. Ó gbẹ. Èmi fúnra mi ni mo yọ géèjì wò lẹ́yìn tó ṣe tán."

"Ẹ mọ̀ nípa máṣìn dáadáa nìyẹn?"

"Ta ló kọ́ Cornelius?" Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ìgbà tó dé, á kàn jí, á sì tan án. Mo ní kó dúró nílé fún ọ̀sẹ̀ kan nítorí rẹ̀. Mo sọ fún un pé ẹ́ńjìnì tí kò lọ́ìlì nínú, bí o bá tan án péré, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ara rẹ̀ nìyẹn. Owó ìjọ ni. Ibi tí mo bá wà, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ láì kọ́kọ́ yọ géèjì."

"Kọ́kọ́rọ́ kejì wà lọ́dọ̀ yín?"

"Ó ń kọ́ sára ògiri ọ́fíìsì níbẹ̀ yẹn. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ ọ̀nà igbó ló wà á, Cornelius ló sì mọ̀ ọ́n."

"Ẹ̀yin náà ńkọ́, lánàá?"

"Inú ìsìn." Ó sọ ọ́ wéré. "Èmi ni mo ka Bíbélì kìíní. Èmi náà ni mo tún dúró níwájú nígbà tí ìròyìn dé, mo ní kí gbogbo ìjọ dìde kí a gbàdúrà fún ọmọ náà. Ẹ bi ẹnikẹ́ni."

Bíbélì kìíní ní ìbẹ̀rẹ̀, àdúrà ní ìparí. Kòfowórọlá ò bi í nípa àárín. Ìsìn ìkórè Ìmàsàyí, ẹni tó bá ti lọ rí mọ̀ pé àárín rẹ̀ gùn: ẹgbẹ́ kan ń jó lọ síwájú pẹpẹ pẹ̀lú iṣu, òmíràn ń tẹ̀lé e pẹ̀lú ewúrẹ́, kò sì sí ẹni tó lè sọ ẹni tó jáde tàbí ẹni tó wọlé.

*

Ní ẹ̀yìn ilé àlùfáà, Màmá Bámikẹ́ ń bínú sí káfíńtà tí kò sí nílé láti gba ìbínú náà. Wọ́n to pákó sórí àpáta. Púpọ̀ nínú wọn ti dúdú, wọ́n ń dán, ṣùgbọ́n àwọn tó kù nílẹ̀ ṣì funfun báláú.

"Ọmọ mi, wo nǹkan tó ṣe fún mi," ni màmá náà wí. "Kẹ́ẹ̀gì kún dé ọrùn. Mo tẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀ àná kí n tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Láàárọ̀ yìí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọn ò tíì ṣe dé ibì kan tó fi tán. Bí kì í bá ṣe káfíńtà ló bù ú lọ sílé rẹ̀, ta ni?"

Pákó náà ń rùn. Kòfowórọlá ti mọ òórùn ọ̀hún kó tó dé ìdí wọn.

"Màmá, kí lẹ pò mọ́ ọn?"

"Kẹrosíìnì ni. Bí èèyàn ò bá pò ó, orí pákó ló máa dúró sí, kò ní wọ inú. Mo pò ó lọ́jọ́ Sátidé, ọwọ́ ara mi ni mo fi rò ó." Ó na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ jáde. "Ọsẹ dúdú, ọsàn wẹ́wẹ́, kò sí èyí tí mi ò fi fọ̀ ọ́. Mo rò pé ó ti lọ. Àfi lánàá lẹ́yìn ìsìn, nígbà tí à ń bọ ara wa lọ́wọ́, ni mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ òórùn rẹ̀. Ojú tì mí, àní mo fi ọwọ́ pamọ́ sábẹ́ gèlè mi."

"Ta ló mọ̀ pé ẹ ti pò ó?"

"Ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún? Ṣé ọ̀rọ̀ ìjọ ni?"

Ní ọ̀nà ìpadàbọ̀, Bàrúwà kò lè pa á mọ́ra. "Ọ́ìlì inú kẹ́ẹ̀gì ni ẹni náà dà padà sínú máṣìn."

"Ó dé ìdí máṣìn, ó yọ géèjì, ó bá a ní gbígbẹ. Ó mọ̀ pé òun ò lè tan án bẹ́ẹ̀. Ó mọ ibi tí kẹ́ẹ̀gì wà, kò mọ̀ pé màmá ti po nǹkan mọ́ ọn."

"Cornelius náà mọ ibi tí kẹ́ẹ̀gì wà, mà."

"Cornelius ní ìgò ọ́ìlì tuntun méjì nínú báàgì láti Sátidé. Bí ó bá yọ́ wá láti Ìlaró láti wa máṣìn yẹn, kí ló ń wá lọ sí ẹ̀yìn ilé àlùfáà? Ta ló ń fi omi ìṣanwọ́ pa òùngbẹ nígbà tí omi mímu wà lọ́wọ́ rẹ̀?"

Bàrúwà dúró lójú ọ̀nà. Ariwo sọ lẹ́nu géètì lákòókò náà. Wọ́n ti wó apá kan rẹ̀.

*

Àwọn ọ̀dọ́ kún iwájú ṣẹ́ẹ̀dì. Múfútàù di òkúta mú. Ọkùnrin fìrìgbọ̀n ni, ojú rẹ̀ ti pọ́n nítorí àìsùn.

"Ẹ mú un jáde fún wa," ó wí. "Àbúrò mi ò lè sọ̀rọ̀. Èmi ni mo máa bá a sọ̀rọ̀."

Kò sí ohun tí Kòfowórọlá ní lọ́wọ́ ju òórùn kẹrosíìnì àti ìgò méjì. Bí ohun tó fẹ́ dán wò yìí bá kọ̀, àwọn èèyàn yìí máa pa ọmọkùnrin yẹn níṣojú rẹ̀.

"Ẹ fún mi ní àyè kékeré, Bọ̀ọ̀dá Múfútàù. Bí mo bá parí tí kò tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ bá mi wí." Ó ké sí Bàrúwà pé kó mú Cornelius sọ̀ kalẹ̀. Ó ránṣẹ́ pe Màmá Bámikẹ́. Ọ̀gbẹ́ni Olútáyọ̀ ti wà níbẹ̀ ní tirẹ̀, ó ń bẹ àwọn ọ̀dọ́ pé kí wọ́n fi sùúrù sí i.

Kòfowórọlá gbé ìgò méjèèjì sókè. "Ọ́ìlì tí Cornelius lọ rà rèé. Ẹ wo ìdérí rẹ̀, wọn ò tíì ṣí i. Ọ̀gbẹ́ni Olútáyọ̀, ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé ó fa ti àtijọ́ jáde níṣojú yín?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò yí ọ̀rọ̀ mi padà."

"Ó dáa. Wọ́n ní àwọn ará oko gbọ́ ìró máṣìn lánàá. Mo fẹ́ kí Bọ̀ọ̀dá Múfútàù àtàwọn ènìyàn rẹ̀ gbọ́ ìró èyí, kí wọ́n sọ fún mi bóyá òun ni."

Ó gun máṣìn náà. Ó fi kọ́kọ́rọ́ sí i.

"Màdáámù, rárá!" Cornelius fò síwájú pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, Bàrúwà sì fà á padà. "Kò sí ọ́ìlì nínú rẹ̀! Ẹ́ńjìnì máa nọ́ọ̀kì, mà!"

"Ọmọ mi, má tan án!" ni Màmá Bámikẹ́ kígbe. "Ọ́ìlì rẹ̀ ló wà lára pákó mi!"

Kòfowórọlá kò wo èyíkéyìí nínú wọn. Olútáyọ̀ ló ń wò. Ọkùnrin náà ká ọwọ́ mọ́ àyà. Kò sún. Kò sọ nǹkan kan.

Ó yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnì náà ké, ó tú èéfín, ó ń dún. Kíá ló pa á.

"Ṣé ẹ rí i?" Olútáyọ̀ yíjú sí àwọn ọ̀dọ́, ohùn rẹ̀ sì ga fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. "Ó tàn! Ọmọ náà ti ń purọ́ láti àná."

"Ó tàn lóòótọ́," ni Kòfowórọlá wí, ó sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́. "Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan rú mi lójú, ọ̀gá mi. Ojú yín ló ṣe fà á gbẹ. Ìgò tuntun rèé tí ẹnikẹ́ni ò ṣí. Ẹ ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ láì yọ géèjì níbi tí ẹ bá wà. Ẹ ti lé ọmọ yìí sílé nítorí rẹ̀ rí. Ẹni tó wà nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ pariwo. Ìyá arúgbó pariwo. Ẹ̀yin tí máṣìn yìí jẹ lógún ju gbogbo wa lọ, ẹ̀ ń wò mí níran. Kí ló dé tí ẹ ò ní kí n dúró?"

Àwọn ọ̀dọ́ yíjú sí Olútáyọ̀.

"Mo rò pé..." Olútáyọ̀ nu ojú. "Mo rò pé ọmọ náà ti bu èyí tó wà nínú kẹ́ẹ̀gì màmá padà sí i. Ìwọ̀nba yẹn ò lè..."

"Ìwọ̀nba wo?"

Olútáyọ̀ fi ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn.

"Mi ò dárúkọ kẹ́ẹ̀gì fún yín. Mi ò sì sọ pé ohun tí wọ́n bù nínú rẹ̀ kéré tàbí ó pọ̀. Èmi àti Sájẹ́ǹtì nìkan la yọ géèjì yẹn láti àná." Ó sún mọ́ ọn. "Ọ́ìlì kéré nínú rẹ̀ lóòótọ́. Kẹrosíìnì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀yin ò mọ ìyẹn, àbí? Ẹ wọ aṣọ ìkórè, ẹ ń kánjú, ẹ rò pé òórùn lásán ni. Ẹni tó bá gba ọ̀nà ààlà ní kọ̀rọ̀, ẹrù ló ń kó. Bàrúwà, gba kọ́kọ́rọ́ ilé ìkóǹkansí lọ́wọ́ wọn, kí o wò ó bóyá ajílẹ̀ tí ìjọ kó pamọ́ ṣì pé."

"Kò pé," ni Olútáyọ̀ wí. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ pátápátá. "Ẹnìkan ń dúró dè mí ní ìkọjá ààlà. Òní ló máa kó ẹrù náà kọjá lọ Kútọnu. Mi ò lè sún un sí ọjọ́ mìíràn." Ó gbójú sókè sí Múfútàù, ó sì tètè gbé e kúrò. "Mo dúró. Ẹ gbà mí gbọ́, mo dúró. Mo rí i pé àbúrò yín ń mí. Mo ní àwọn ará oko máa tó kọjá."

Múfútàù wo òkúta ọwọ́ rẹ̀, ó wo báńdéèjì orí Cornelius, ó sì jẹ́ kí òkúta náà bọ́ sílẹ̀. Bàrúwà tú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ kúrò lọ́wọ́ ọmọkùnrin náà, ó sì fi de ọ̀gá rẹ̀. Cornelius kò dúpẹ́, kò sì bú ẹnikẹ́ni. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí máṣìn, ó fi ọwọ́ bo ojú, ìgbà náà ló wá sunkún.

Wọ́n ń mú Olútáyọ̀ lọ sínú ọkọ̀ nígbà tí Màmá Bámikẹ́ dí i lọ́nà. Ó ti gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí imú, ó ń gbóòórùn wọn bí ẹni tó ń wá nǹkan tó sọnù. Kò gbọ́ òórùn kankan níbẹ̀ mọ́ àyàfi ti ọsàn wẹ́wẹ́.

"Táyọ̀," ó wí, "lánàá lẹ́yìn àdúrà, ìwọ lo wá dì mí lọ́wọ́ mú. O ní kí n máa rántí ọmọ Mùsùlùmí yẹn níwájú Ọlọ́run. Mo sì ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ, mo rò pé èmi ni mò ń rùn."